Agara

Olùkọ́ kan ní Ìjàgbó, lẹ́bàá Ọ̀ffà, lè sọ lọ́sàn-án Jímọ̀ pé “ó rẹ̀ mí”. Oorun á tán ìyẹn. Bó bá ní “agara dá mi”, oorun nìkan ò ní tó o. Ìwé táwọn ọmọ kọ yóò máa ga lórí tábìlì láìmáàkì, olùkọ́ náà á sì máa jágbe mọ́ ọmọ tí kò ṣẹ̀ ẹ́.

Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣàlàyé pé ọ̀ràn ibi iṣẹ́ nirú agara yìí, kì í ṣe àìsàn. Èdè wa náà gbà bẹ́ẹ̀: “ó dá mi lágara” là ń wí, ohun kan ló ń dáni lágara. Kí olùkọ́ wá ohun náà: ṣé kíláàsì tó kún àkúnya ni, àbí owó oṣù tí kò wọlé? Kó sọ ọ́ fún ẹnì kejì ní yàrá olùkọ́, kí wọ́n jọ pín iṣẹ́ tó ṣeé pín.