Ìwé àti Àdúrà ní Ilé Akínyẹlé

Ní ọdún 1853, nígbà tí míṣọ́nárì David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ tẹ̀dó sí Kúdẹtì ní Ìbàdàn Mesí Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, ìwé ni ìgbàgbọ́ bá wọlé. Ọmọ tí a bá fi lé wọn lọ́wọ́ a máa kọ́ ábídí bí ó ti ń kọ́ àdúrà Olúwa. Iṣẹ́ làákàyè tí ó gba sùúrù ni, nítorí pé Bíbélì tí Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí a kó lẹ́rú ní ọdún 1821, ṣe aṣáájú ìtumọ̀ rẹ̀ sí èdè wa, kò parí títí di ọdún 1884.

Ṣùgbọ́n bó ti wù kí ìwé yéni tó, ọjọ́ ń bẹ tí àyà a já, tí àlàyé kì í ká a. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918 dé, tí ọ̀fọ̀ ń ṣẹ̀ láti ilé dé ilé, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí Joseph Sadare ń ṣe aṣáájú wọn, fi àdúrà ṣe ibi ìsádi. Ní ọdún 1930, Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tí ó ti ń wa ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ ọ̀nà tẹ́lẹ̀ rí, dúró ní Òkè Oòyè ní Iléṣà, agogo àti Bíbélì lọ́wọ́ rẹ̀. Ogunlọ́gọ̀ ènìyàn gbé omi wá kí ó gbàdúrà sí i, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, wọ́n sì ń kó oògùn ìṣọ́ra wọn jáde fún iná. Kí àwọn ọ̀mọ̀wé tí ó fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹkún yẹn rántí pé Bíbélì èdè Yorùbá, èso làákàyè àwọn àgbà, ni ó dá iná rẹ̀.

Bí a bá fẹ́ ẹlẹ́rìí, ilé Akínyẹlé tó wa í wò. Alexander, ẹ̀gbọ́n, ni ó dá ilé ẹ̀kọ́ Ibadan Grammar School sílẹ̀ ní ọdún 1913, tí ó sì di Bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà àkọ́kọ́ fún Ìbàdàn ní ọdún 1952. Isaac, àbúrò rẹ̀, tí ó kọ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn ní ọdún 1911, bá àwọn Aládùúrà, irú àwọn Sadare àti Babalọlá, lọ, ó di Ààrẹ Ìjọ Àpósítélì ti Kristi, ó sì di ìwòsàn nípa àdúrà mú ṣinṣin, kódà nígbà tí ó gun orí ìtẹ́ Olúbàdàn ní ọdún 1955. Ọwọ́ tí ó fi sùúrù ṣa ìtàn àwọn Báálẹ̀ àti Balógun jọ náà ni ó ń gbé sókè bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, ìmọ̀ rẹ̀ kò sì pa ìtara rẹ̀.

Ọ̀tún we òsì, òsì we ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Ẹni tí ó ń gbóná tí kò mọ ohun tí ó gbà gbọ́, wòlíì èké yóò fi ṣe ìjẹ. Ẹni tí ó mọ gbogbo rẹ̀, tí ojú rẹ̀ gbẹ táútáú lẹ́bàá ibùsùn aláìsàn, kò tíì dé ibi tí ìmọ̀ náà ń darí rẹ̀ sí. Ìjọ tí ó bá fẹ́ tọ́ ọmọ, kí ó kọ́ ọ níwèé, kí ó sì kọ́ ọ ní àdúrà.