Ẹja Salmon Kúrò Lókun, Ó Dórí Ilẹ̀: Ṣé Àyíká Ti Bọ́ Lọ́wọ́ Ewu?

Nínú oṣù kẹjọ, ọdún 2017, àgò alawọ̀n ńlá kan tí wọ́n fi ń sin ẹja salmon létí erékùṣù Cypress, ní ìpínlẹ̀ Washington, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wó pátápátá. Ẹja tó lé ní 200,000 ló sá wọ inú òkun Pàsífíìkì, bẹ́ẹ̀ òkun Àtìláńtíìkì ni ìran wọn ti ṣẹ̀ wá. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìpínlẹ̀ náà ṣòfin láti fòpin sí sísin irú ẹja àjèjì bẹ́ẹ̀ nínú omi rẹ̀. Ní Kánádà, ìjọba àpapọ̀ kéde lọ́dún 2024 pé bí oṣù kẹfà ọdún 2029 bá ti parí, kò gbọdọ̀ sí àgò bẹ́ẹ̀ mọ́ létíkun British Columbia.

Ẹja tó ń sá lọ nìkan kọ́ ni ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan àgò inú òkun. Kòkòrò kan wà tó máa ń lẹ̀ mọ́ salmon lára bí eégbọn ṣe ń lẹ̀ mọ́ ajá. Ibi tí ẹja bá há mọ́ra sí ló ti ń gbilẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti ń ran àwọn ẹja tí ẹnikẹ́ni kò sìn. Ìgbẹ́ ẹja náà ń kó jọ sísàlẹ̀ omi. Norway, níbi tí pánla gbígbẹ ti ń wọ ọjà wa, ló ń sin salmon jù lágbàáyé, inú òkun sì ni púpọ̀ jù nínú rẹ̀ wà.

Ìdí nìyí tí àwọn kan fi gbé ẹja náà wá sínú táǹkì lórí ilẹ̀. Omi tí ẹja ti lò kì í ṣòfò níbẹ̀. Ẹ̀rọ á sẹ́ ìgbẹ́ kúrò, kòkòrò àìfojúrí á sọ amóníà tó ń pa ẹja di nítíréètì, wọ́n á fi ọ́síjìn sí omi náà, yóò sì padà sọ́dọ̀ ẹja. Èyí tó ń yí po bẹ́ẹ̀ lè lé ní ìdá 95 nínú 100. Ẹni tó ń sin àrọ̀ nínú táǹkì kọnkéré lè rò pé ohun kan náà ni. Rárá o. Àrọ̀ lè gbórí sókè mí afẹ́fẹ́, salmon kò lè ṣe é. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́ díẹ̀, òkú ẹja ló kù.

Iná mànàmáná tó ń gbé ẹ̀rọ wọ̀nyí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà lé lórí. Lọ́dún 2016, àwọn onímọ̀ láti Norway àti Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde, wọ́n fi oko inú òkun ní Norway wé ti orí ilẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Kílò ẹja kan láti inú òkun ń fa èéfín tó ń mú ayé gbóná tó kílò 3.39. Ti orí ilẹ̀ jẹ́ 7.01, bó bá jẹ́ iná tí Amẹ́ríkà ń lò káàkiri, èyí tí èédú àti gáàsì pọ̀ nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé agbára omi ló ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú iná náà, ó já wá sí 3.73. Àmọ́ tí bàálù bá gbé ẹja tútù láti Norway dé Seattle, èéfín rẹ̀ di 15.22, nígbà tí ti orí ilẹ̀ tó dé ọjà kan náà jẹ́ 7.41. Bí wọ́n bá wá sọ ti Norway di yìnyín, tí ọkọ̀ ojú omi gbé e, 3.75 péré ni. Nọ́ńbà ìkẹyìn yìí kì í sábà hàn nínú ìpolówó ọjà.

Iléeṣẹ́ Atlantic Sapphire bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹja tà lọ́dún 2020 ní Homestead, nítòsí Miami, níbi tí oòrùn ti ń mú bíi tiwa, bẹ́ẹ̀ ẹja omi tútù ni salmon. Abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti ń fa omi, ihò jíjìn lábẹ́ ilẹ̀ náà ni wọ́n sì ń da ìdọ̀tí omi sí. Nínú oṣù kẹta, ọdún 2021, ẹja tó tó nǹkan bíi 500 tọ́ọ̀nù kú níbẹ̀. Lóṣù kẹsàn-án ọdún náà, iná jó oko wọn ní Denmark.

Oúnjẹ ẹja ni kò yí padà. Bí salmon wà lókun, bó wà nínú táǹkì, sóyà, ìyẹ̀fun ẹja àti epo ẹja wà nínú ohun tó ń jẹ. Ìjábọ̀ tí ẹgbẹ́ Greenpeace Africa àti Changing Markets gbé jáde lọ́dún 2021 sọ pé ẹja tó lé ní 500,000 tọ́ọ̀nù ni wọ́n ń kó lọ́dọọdún láti etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti fi ṣe ìyẹ̀fun àti epo bẹ́ẹ̀, ẹja tó lè bọ́ èèyàn mílíọ̀nù 33. Sáwá wà lára wọn. Ní Sẹ̀nẹ̀gà, Gáḿbíà àti Mọriténíà, àwọn obìnrin tó ń yan ẹja tà ló ń bá iléeṣẹ́ du sáwá náà létí omi.