Sẹ́dà ìyá àgbà mi: ìtàn òwú tó wá láti inú igi

Ẹ fìdí kalẹ̀ díẹ̀, tírẹ́ẹ̀dì yìí máa gùn. Ìtàn òwú kúkú ni, ẹ jẹ́ kó gùn.

Nígbà tí a ṣí àpótí ìyá àgbà mi ní Ìdógò lẹ́yìn ìsìnkú, ìró àti gèlè aṣọ òkè kan ló dá wàhálà sílẹ̀. Aṣọ ìgbéyàwó wọn ni, 1958. Ó pupa rẹ́súrẹ́sú, ó ṣì ń dán yinrin bíi pé àná ni wọ́n hun ún. Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin méjì dì í mú lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ọ̀kan ní, "Sẹ́dà gidi nìyí, ta ló tún fẹ́ rí irú ẹ̀ rà?" Èkejì ní òun ni àkọ́bí, ọ̀rọ̀ ti parí.

Èmi alátojúbọ̀, mo fa òwú kan tó ti já yọ létí aṣọ náà, mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ, mo ṣáná sí i.

Ẹ má bínú sí mi. Ọ̀nà tí a fi ń mọ òwú nìyẹn. Sẹ́dà gidi, ara kòkòrò ló ti wá, tó bá ń jó, á máa rùn bí irun tó jóná. Pọ́lísítà á yọ́, á wá dì bí ike. Èyí tí mo jó kò yọ́, kò sì rùn bí irun. Wàì ló jó bí ìwé, ó ku eérú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Òwú inú oko náà máa ń jó bẹ́ẹ̀, àmọ́ kì í dán báyìí láéláé. Rayon ni. Ìyẹn ni pé igi ni.

Mo wọlé, mo la ẹnu mi, mo sọ ọ́. Àǹtí mi wò mí bíi pé mo bú òkú.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ yẹn fi dùn wọ́n tó bẹ́ẹ̀? Torí pé lọ́dọ̀ wa, sẹ́dà kì í ṣe aṣọ lásán. Ẹ wo sányán: inú igbó ni wọ́n ti ń ṣa ilé kòkòrò tí wọ́n fi ń ṣe òwú rẹ̀, wọ́n á sè é, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á tó ràn án. (Ọ̀kan nínú àwọn kòkòrò yẹn, orúkọ Alfred Moloney, gómìnà Èkó láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ni àwọn onímọ̀ fi sọ ọ́. Kòkòrò tiwa, orúkọ tiwọn. Ẹ jẹ́ á máa lọ.) Àlàárì ní tiẹ̀, sẹ́dà pupa tó gba aṣálẹ̀ Sahara kọjá kó tó dé ọwọ́ ahunṣọ wa ni. Ọ̀rọ̀ náà gan-an, "sẹ́dà", ọ̀dọ̀ àwọn Potogí la ti gbà á. Ohun ọ̀wọ́n ni, ohun tó rìn jìnnà.

Àwọn òyìnbó náà fẹ́ sẹ́dà tí kò ní wọ́n. Ní 1889, ará Faransé kan tó ń jẹ́ Chardonnet pàtẹ sẹ́dà àtọwọ́dá ní Paris. Ó rẹwà, àmọ́ iná tètè ń ràn mọ́ ọn. Ní 1892 ni àwọn ará Ìlú Ọba mẹ́ta, Charles Cross, Edward Bevan àti Clayton Beadle, wá rí ọ̀nà mìíràn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n á sè igi títí ohun tó mú un le á fi jáde, á ku èyí tó funfun tó rọ̀ bí ìwé. Wọ́n á rì í sínú sódà, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ mọ̀ dáadáa. Wọ́n á da kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní carbon disulphide sí i. Gbogbo rẹ̀ á yọ́, á máa fà bí ọbẹ̀ ààpọ̀n. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní viscose, nítorí ó ń fà. Wọ́n á wá tì í gba ojú ihò tín-ín-tìn-ìn-tín bọ́ sínú ásíìdì, ibẹ̀ ló ti máa dì, tó máa di òwú.

Ẹ mọ ilé iṣẹ́ tó kọ́kọ́ fi èyí di olówó ńlá? Courtaulds ti Ìlú Ọba. Aṣọ dúdú tí àwọn opó ń fi ṣọ̀fọ̀ ni wọ́n ń tà tẹ́lẹ̀ o! Nígbà tí àṣà yẹn ń kú lọ, wọ́n ra ẹ̀tọ́ viscose ní 1904, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Coventry lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Japan náà kó wọ inú ẹ̀. Rayon wọn pọ̀ lọ́jà débi pé ní 1934 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òté lé iye aṣọ Japan tó lè wọ àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Nígbà yẹn, Ìdógò kì í ṣe ìlú tí èèyàn ń kọjá láìmọ̀. Ojú irin tó yà ní Ifọ̀, tó gba Ìlaròó, ọ̀dọ̀ wa ló parí sí. Ìrè oko ń bá a lọ, ọjà ìlú òyìnbó ń bá a bọ̀. Àwọn ahunṣọ ilẹ̀ Yorùbá rí òwú tuntun yìí: ó ń dán, ó ń gba aró, kò wọ́n tó sẹ́dà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi hun aṣọ òkè. Orúkọ àtijọ́ kò kúrò lẹ́nu oníbàárà.

Mi ò rí ẹ̀tàn kankan níbẹ̀. Ọwọ́ tó hun aṣọ yẹn, ọwọ́ ahunṣọ gidi ni.

Ibi tó dùn mí ni ibòmíràn. Carbon disulphide yẹn, èéfín rẹ̀ ń ba ọpọlọ jẹ́. Òṣìṣẹ́ fákítírì á ṣàdédé máa ṣe wéréwéré, ẹlòmíràn ẹsẹ̀ rẹ̀ á kú. Ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1930, dókítà obìnrin kan, Alice Hamilton, ṣe ìwádìí rẹ̀ síta. Ní ilẹ̀ Austria, ìlú Lenzing, tí wọ́n dá ilé iṣẹ́ òwú igi ibẹ̀ sílẹ̀ ní 1938, àwọn ìjọba Násì kó àwọn obìnrin ẹlẹ́wọ̀n tó lé ní 500 wá ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀ nígbà ogun. Ilé iṣẹ́ Lenzing ṣì wà dòní, ó wà lára àwọn tó tóbi jù nídìí iṣẹ́ yìí lágbàáyé.

Ẹ yí kọ́là ẹ̀wù yín padà, ẹ ka ohun tó wà níbẹ̀. Viscose, modal, lyocell: inú igi ni ọ̀pọ̀ jù wọn ti wá. Lyocell sàn díẹ̀, torí kò lo carbon disulphide, ohun tí wọ́n fi ń yọ́ igi rẹ̀ ni wọ́n ń gbà padà lò, ó lé ní 99%. Courtaulds ló kọ́kọ́ tà á ní orúkọ Tencel, Lenzing sì rà á ní 2004.

Ṣé Áfíríkà ò lè ṣe é ni? Ó ń ṣe apá kan. Ní Umkomaas, South Africa, láti àwọn ọdún 1950 ni fákítírì kan (Sappi Saiccor lorúkọ ẹ̀ báyìí) ti ń se igi yukalípítọ́ọ̀sì fún àwọn tó ń ṣe òwú. Courtaulds wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Nílé wa ńkọ́, ní ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà yìí? Wọ́n gbin igi melina lọ súà sínú igbó Ọmọ, ní J4, wọ́n ń kọ́ fákítírì ìwé sí Ìwòpin tó máa lò ó. Ìwé lásán o, a ò tíì dé orí òwú. Fákítírì yẹn ò dìde bó ṣe yẹ, àwọn igi náà dàgbà, wọ́n ń di pákó. Bẹ́ẹ̀ náà ni tíìkì inú igbó ìjọba ní Ìlaròó. Ojú irin Ìdógò sì rèé, koríko ti bò ó.

Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún àwọn àǹtí mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Èyí àgbà tẹ́tí sí mi dópin, ó wá béèrè pé, "Igi yẹn, ṣé igi Ìlaròó ni?"

Mo ní, "Rárá o, mà. Igi òkè òkun ni."

"Ẹ̀hẹ́n." Ó ká aṣọ náà, ó kì í bọ inú báàgì ara rẹ̀. "Ṣebí mo sọ pé ó wọ́n."