Owó Ìdáwó Kọ́ Ni Òṣùwọ̀n: Òbí àti Ilé-Ìwé Ìjọba ní Ìsọlọ̀-Ọ̀pin

Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn òbí ń kópa nínú ilé-ìwé ìjọba, ìwé méjì la sábà máa ń ṣí: ìwé orúkọ àwọn tó wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ (PTA), àti ìwé owó tí wọ́n dá. Èrò mi ni pé méjèèjì kò sọ ohun tó yẹ ká mọ̀. Ẹ̀rí wà ní Kwara níbí, ìpínlẹ̀ tí Ìsọlọ̀-Ọ̀pin wà. Lọ́dún 2008, ìjọba ìpínlẹ̀ dán àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó lé ní 19,000 wò. 75 péré ló kúnjú òṣùwọ̀n. Gbogbo ọdún tí nǹkan fi ń bàjẹ́ bọ̀, àwọn òbí ń ṣèpàdé, wọ́n ń dáwó. Ìwé méjèèjì kò ta ẹnikẹ́ni lólobó.

Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ (UBE) ti 2004 náà ka òbí sí ẹlẹ́bi ju alábòójútó lọ: ẹni tí kò rán ọmọ lọ sílé-ìwé yóò gba ìbáwí, bó bá tún ṣe é, ìtanràn 2,000 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. Ìgbìmọ̀ alábòójútó ilé-ìwé (SBMC) tó tẹ̀lé e ló fún ìlú, àwọn obìnrin, àní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pàápàá, ní àyè láti sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ta ni òbí? Ní ìlú àgbẹ̀ bí Ìsọlọ̀-Ọ̀pin, bàbá ọmọ lè wà ní Ìlọrin tàbí Èkó. Ìyá àgbà ló mọ ọjọ́ tí olùkọ́ kò wá. Àwọn kan yóò ní ìyá àgbà kò mọ̀wé. Etí rẹ̀ kò di ṣá! Kí ọmọ ka ojú ewé kan nínú ìwé Yorùbá létí rẹ̀ ní ìparí sáà, yóò gbọ́ ibi tó ti ń kólòlò. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ ká máa kà ni iye ìbéèrè tí àwọn òbí àti alágbàtọ́ béèrè ní sáà kọ̀ọ̀kan, àti iye tó rí èsì gbà. Kí ọ̀gá ilé-ìwé má sì jẹ́ akọ̀wé ìpàdé tí wọ́n ti ń béèrè wọn. Kí ìpàdé má bọ́ sí ọjọ́ ọjà.

Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni ti ààbò. Ní oṣù kọkànlá 2025, lẹ́yìn ìkọlù ilé ìjọsìn ní Erúkù, ìjọba ti àwọn ilé-ìwé ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì, níbi tí Ìsọlọ̀-Ọ̀pin wà, àti àwọn mìíràn nítòsí. Lẹ́yìn irú ìyẹn, òbí tó dá ọmọ rẹ̀ dúró sílé títí ọkàn rẹ̀ yóò fi balẹ̀ kì í ṣe aláìbìkítà, bí ìwé ìpe-orúkọ ilé-ìwé tilẹ̀ kà á sí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà tí àwọn ọmọ ń gbà lọ sílé-ìwé ló yẹ kó ṣáájú ọ̀rọ̀ owó àga nínú ìpàdé SBMC.