Ìdíyelé

Ìdíyelé ni kí a yẹ ohun kan wò, kí a sì sọ iye owó tó tọ́ sí i. Kì í ṣe ìdúnàádúrà. Ẹni tó ń ná ọjà ń wá ìrọ̀rùn àpò ara rẹ̀. Ẹni tó ń díye lé e kò gbọdọ̀ ṣègbè.

Ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ tí mọ́tò àtijọ́ bá kan adójútòfò. Ẹ mú Volkswagen Beetle tí à ń pè ní ìjàpá, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò l'Ékòó lọ́dún 1975. Mẹkáníìkì tó gbọ́ṣẹ́ ní Ṣómólú tàbí Bàrígà á kọ́kọ́ ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, á wo irin abẹ́ rẹ̀ bóyá ó ti dógùn-ún. Á fi nọ́ńbà ẹ́ńjìnì wé ti inú pátíkúlà. Bí ẹ́ńjìnì àkọ́kọ́ bá ṣì wà níbẹ̀, iye rẹ̀ gòkè nìyẹn.

Lójú ilé iṣẹ́ adójútòfò, àlòkù lásán ni, àfi tí ẹ bá ti jọ fẹnu kò sí iye kan, tí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn. Owó adójútòfò tó yẹ kí gbogbo onímọ́tò san, tó di ₦15,000 fún mọ́tò àdáni ní January 2023, ìpalára tí ẹ bá ṣe fún ẹlòmíràn nìkan ló wà fún.

Ẹ ya fọ́tò, ẹ tọ́jú rìsíìtì, ẹ sì tún ìdíyelé náà ṣe lọ́dọọdún, torí náírà kì í dúró sójú kan.