Ekòló Tó Ń Dẹ́rù Bani

"Ẹni tí ejò bá bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, yóò sá." Àwọn tó dúró nítòsí ló máa ń rẹ́rìn-ín, nítorí ekòló lásán ni ojú tiwọn rí. Ẹni tó sá kò ya wèrè: oró ejò ọjọ́sí ni ara rẹ̀ rántí, ẹsẹ̀ sì ti gbéra kó tó ráyè wolẹ̀ wò.

Ohun tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọ sínú ìwé wọn ní 1980, tí wọ́n pè ní PTSD, kò jìnnà sí èyí. Ìbẹ̀rù tó yẹ kó ti kọjá á máa padà wá lójú oorun àti lójúmọmọ. Ẹni náà á máa yẹra fún ohunkóhun tó lè rán an létí. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ogun tó ti Vietnam dé ló gbilẹ̀ nígbà yẹn. Ní 1994, ìwé náà gbà pé àìsàn tó lè gbẹ̀mí èèyàn wà lára ohun tó lè dá a sílẹ̀.

Jẹjẹrẹ táíróìdì, ẹ̀yà ara kékeré tó wà níwájú ọ̀fun, ni wọ́n máa ń pè ní "èyí tó dára nínú jẹjẹrẹ", torí pé irú rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù kì í sábà pani. Òótọ́ ni. Àmọ́ gbólóhùn yìí máa ń pa aláìsàn lẹ́nu mọ́. Wọ́n ti la ọrùn rẹ̀. Bóyá ó tún ti gbé áyódínì onítànṣán mì, tó dá wà nínú yàrá, tí kò lè gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Ọ̀pọ̀ ọdún ni yóò fi máa lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Lójú nọ́ọ̀sì, abẹ́rẹ́ kékeré ni. Lójú rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ jẹjẹrẹ fún un ló padà dé.

Ẹ wo Chernobyl, ní Ukraine, níbi tí ilé iṣẹ́ iná mànàmáná ti búgbàù ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin, 1986. Àwọn ọmọdé mu wàrà màlúù tó jẹ koríko tí ìtànṣán ibẹ̀ ti sọ di olóró. Nígbà tó fi di 2005, ó ju 6,000 lọ nínú àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ ìgbà náà tó ti ní jẹjẹrẹ yìí; 15 ló kú. Àpá iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ń pè ní ẹ̀gbà ọrùn Chernobyl. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn àjọ àgbáyé ṣe ìṣirò wọn ní 2005, ìdààmú ọkàn ni wọ́n sọ pé ó jẹ́ ìṣòro ìlera tó tóbi jù lọ níbẹ̀.

Ohun kan tún wà tó ń da ọ̀rọ̀ rú. Ẹni tí wọ́n yọ gbogbo táíróìdì rẹ̀ yóò máa lo oògùn levothyroxine títí ayé. Bí ó bá pọ̀ jù, àyà á máa lù kìkì, ọwọ́ á máa gbọ̀n, oorun á dàwátì, gẹ́lẹ́ bíi ti ẹni tí ìpayà mú. Ó yẹ kí dókítà yẹ ìwọ̀n oògùn wò, ṣùgbọ́n kó má dúró síbẹ̀. Ìtọ́jú wà: ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ lè máa bá aláìsàn tú ìrántí náà wò díẹ̀díẹ̀, títí agbára rẹ̀ á fi dín kù. Kí ìyẹn tó ṣeé ṣe, ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè pé: "Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń sùn bí àyẹ̀wò yín bá ti ń sún mọ́lé?"