Kíkọ̀, Kíkó Kúrò àti Títú Àṣírí: Kétu nínú Ìwádìí lórí Ìgbọràn sí Aláṣẹ Búburú

Èrò kan ń jà ràn-ìn láàárín àwa tí à ń ṣèwádìí ìhùwàsí ẹ̀dá, pé ọmọ Yorùbá tí a tọ́ láti máa dọ̀bálẹ̀ fún àgbà kò lè kọ̀ fún aláṣẹ, bó ti wù kí aláṣẹ náà burú tó. Akẹgbẹ́ wa kan tilẹ̀ kọ ọ́ láìpẹ́ pé ìbẹ̀rù lásán ló mú kí àwọn ará Kétu ní Dahomey (Benin òde òní) kó lọ sí ìhà Nàìjíríà lábẹ́ ìjọba Faransé, pé kò sí àìgbọràn kankan níbẹ̀. A bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ìwádìí tí òun fúnra rẹ̀ gbára lé kò gbè é lẹ́yìn.

Iṣẹ́ Stanley Milgram ní Yunifásítì Yale, tí akẹgbẹ́ wa gbára lé, kò ṣàjèjì sí wa. Nínú ọkùnrin 40 tí èsì wọn jáde ní 1963, 26 ló gbọ́ràn, tí wọ́n tẹ bọ́tìnì tí wọ́n rò pé ó ń fi iná mọ̀nàmọ́ná dá ẹlòmíràn lóró títí dé volt 450, bí òógùn tilẹ̀ ń bò wọ́n. Àwọn ará New Haven yìí kò dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Ohun tí akẹgbẹ́ wa fò dá ni ìgbà tí Milgram fi ènìyàn méjì tó ti bá sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ jókòó ti ẹni tó ń dán wò. Nígbà tí àwọn méjì náà kọ̀ jálẹ̀, 4 péré nínú 40 ló bá iṣẹ́ náà dópin. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ló yàtọ̀, aláṣẹ kò yàtọ̀. Àwọn olùṣèwádìí Haslam àti Reicher náà ti fi hàn pé ìgbà tí ènìyàn bá gba iṣẹ́ aláṣẹ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tirẹ̀ ló máa ń tẹ̀ lé e. Ó jọ pé àwọn Faransé mọ èyí dáadáa. Ìdí nìyẹn, lójú tiwa, tí wọ́n fi mú Àlàbá Ìdá, ọ̀kan nínú àwọn ayaba Kétu, ṣe aṣojú wọn.

Ní 2012, Bocchiaro, Zimbardo àti Van Lange tẹ èsì ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Amsterdam jáde. Nínú ènìyàn 149 tí wọ́n ní kí wọ́n fi irọ́ fa àwọn ẹlòmíràn sínú ìdánwò tó lè pa wọ́n lára, ìdá 76.5 nínú ọgọ́rùn-ún gbọ́ràn, ìdá 14.1 kọ̀, ìdá 9.4 sì fi ẹjọ́ sùn, ìyẹn ni pé wọ́n tú àṣírí. Nígbà tí wọ́n kàn bi àwọn mìíràn ní ohun tí wọn ì bá ṣe, ìdá 3.6 péré ló ní àwọn ì bá gbọ́ràn.

Kíkọ̀ àti títú àṣírí kì í ṣe ọ̀kan náà, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó kọ̀ yọ ọwọ́ tirẹ̀ kúrò, iṣẹ́ ibi náà sì lè máa lọ láìsí i. Ẹni tó tú àṣírí gbọ́dọ̀ rí ẹnìkan tí yóò gbọ́ ọ, tí apá aláṣẹ kò sì ká. Ní Ọ̀họ̀rí nítòsí Kétu, níbi tí ilẹ̀ dúdú ti ń di ẹrẹ̀ tó ń gbé ẹsẹ̀ mì lásìkò òjò, àwọn ènìyàn kọ̀ fún Faransé lójúkojú ní 1914, wọ́n sì gbé ìjà kò wọ́n. Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Louis Hunkanrin, olùkọ́, fi kálàmù tú àṣírí àwọn aláṣẹ. Lẹ́yìn rògbòdìyàn owó orí ní 1923 wọ́n lé e lọ sí Mauritania fún ọdún 10. Ìjìyà náà kò pa á lẹ́nu mọ́, torí ní 1931 ìwé tó kọ lórí oko ẹrú tó bá níbẹ̀ jáde.

Kíkó kúrò ni ẹ̀ka kẹta, kò sì sí àyè fún un nínú ìdánwò Yale tàbí ti Amsterdam. A. I. Asíwájú ti ṣàlàyé láti 1976 pé ìṣọ̀tẹ̀ ni irú ìṣípòpadà bẹ́ẹ̀ lábẹ́ Faransé. Owó orí tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní Dahomey ní 1899, iṣẹ́ àfipáṣe àti kíkó ọmọkùnrin lọ sógun, ènìyàn ni gbogbo wọn ń fẹ́. Agbo-ilé tó bá ré ààlà kọjá sí ìhà Ìmẹ̀kọ gba owó, apá àti ọmọ lọ́wọ́ aláṣẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìbẹ̀rù lè lé ẹnìkan wọgbó. Àmọ́ agbo-ilé kò lè kó láìjókòó pète, kí wọ́n dá ọjọ́, kí wọ́n di irúgbìn, kí wọ́n mọ ẹni tí yóò gbé arúgbó, kí gbogbo wọn sì pa ẹnu mọ́. Àwọn tó jọ pète yìí rí alábàákẹ́gbẹ́ tí àwọn 26 ti Yale kò rí.

A kò ní fi gbogbo ẹnu sọ pé ẹ̀kọ́ ilé wa ló ń bí àìgbọràn. Ohun tí a lè sọ ni pé ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò fàyè gba kí a máa pe ẹ̀kọ́ náà ní ohun tó ń pa àìgbọràn.

Ìwé tí a fẹ́ kọ lẹ́yìn èyí yóò dá lórí àwọn tí kò kúrò, ní Okpomèta, Ìdígnì àti Kétu fúnra rẹ̀. Ìlànà tí Nàìjíríà gbé kalẹ̀ ní Oṣù Kejìlá 2016, tó ń fún atúdìí àṣírí ní ìdá 2.5 sí 5 nínú owó tí wọ́n bá rí gbà, ń sanwó fún ẹni kan ṣoṣo. A fẹ́ mọ bó ti ń rí nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan agbo-ilé lódindi. Ní Okpomèta, ìbéèrè wa fún àwọn àgbà ni pé ta ló kọ́kọ́ dábàá pé kí a kó, ta ló ní òun kò lọ, kí ni ẹni tó dúró sì sọ nígbà tí akódà wá bèèrè àwọn tó lọ.